Àwọn Ọmọ tí Àrùn Fò Ru: Ohun tí Mo Kọ́ Lára Ìyá Àgbà Mi

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti yọrí sí rere, kò sí ohun tí ojú máa rí. Ẹni tó kọ́lé, ilé rẹ̀ á máa jẹ́rìí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ tán. Ẹni tó kọ́ ọmọ níwèé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á máa dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi tó papò dà yìí, iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe láìgba owó oṣù, iṣẹ́ pé kí ibi má ṣẹlẹ̀ ni. Ó ń lé àrùn rọpárọsẹ̀ jìnnà sí ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, kò sí àmì lára rẹ̀ pé ó bọ́ lọ́wọ́ nǹkan kan. Ó ń sáré, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn pé kó wọlé. Ta ló máa dúró dúpẹ́ pé ọmọ ń sáré?

Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Láti ìgbà tí màmá ti lọ ni mo ti ń rò ó pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò bá jókòó kí wọ́n sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á parẹ́ nítorí pé ó ṣe é dáadáa.

Màmá kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan. Oníṣòwò ni. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá àti bí wọ́n ṣe ń kà á, lẹ́yìn tó ti bímọ tán. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ń ṣe mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà, láàárín ọdún 1985 sí 1992, tí ìjọba ń gbé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ń wá àwọn ìyá tí ará àdúgbò máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n ní kí wọ́n wá kọ́ nǹkan díẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ àwọn tó kù. Màmá wà lára àwọn tó jáde.

Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn, fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀nà tí màmá fi ń ṣe é nígbà tèmi, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí: omi tó mọ́ lítà 1, ṣíbí kékeré ṣúgà 6 tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Bí wọ́n bá pò ó tán, kí ìyá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ léṣe. Nígbà tó yá, tí oògùn inú àpò tí wọ́n ń pè ní ORS àti oníhóró tí wọ́n ń pè ní zinc bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní ilé ìwòsàn, ó sọ fún àwọn ìyá pé ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n fi tilé sí ìgbà tí kò bá sí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í fẹ́ kó ti ẹnu àwọn jáde pé ohun tí àwọn fi kọ́ èèyàn lánàá ti ní èyí tó dára jù ú lọ lónìí. Màmá sọ ọ́ fún wọn láìfi bò. Ìwà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ tó le náà ni rọpárọsẹ̀. Ní ọdún 1996, Nelson Mandela ṣí ìpolongo láti lé àrùn yìí kúrò ní Áfíríkà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé lákòókò náà, nǹkan bí 75,000 ọmọ ló ń sọ di arọ lọ́dọọdún káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Àjẹsára rẹ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́ nígbà ìpolongo: ẹ̀kán méjì ni wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, gbogbo ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 5, yálà ó ti gbà á tẹ́lẹ̀ tàbí kò gbà á rí. Ilé dé ilé ni wọ́n sì ń lọ, torí bí wọ́n bá ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ wá, àwọn tó jìnnà jù àti àwọn tó ń bẹ̀rù jù kò ní wá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí àrùn náà ṣe rí, torí òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ màmá ṣòro. Inú ìgbẹ́ ẹni tó bá ní i ni kòkòrò rẹ̀ ń bá jáde, ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ àti omi tí kò mọ́ ló fi ń wọ ẹnu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 200 èèyàn tó bá wọ̀ lára, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rọ tí kò ní ṣe é tọ́jú mọ́. Àwọn tó kù lè má ṣe ju ibà díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò tiẹ̀ ní ṣàìsàn rárá. Nínú àwọn tó sì rọ, ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú, torí pé àwọn iṣan tí wọ́n fi ń mí náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí oògùn tó lè wo ẹsẹ̀ tó ti rọ sàn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìyá kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní, "Màmá, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn ládùúgbò yìí, kí lẹ tún ń bá kiri?", irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Òótọ́ ni wọ́n rí. Kòkòrò náà lè gba àárín ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìpolongo ni mo ti mọ irú ẹni tí màmá jẹ́ gan-an. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a gbé ṣọ́ọ̀kì. Àpótí kékeré tí wọ́n to yìnyín sí máa wà léjìká ẹni tí wọ́n jọ ń lọ, torí àjẹsára náà kò fẹ́ ooru rárá. Kí màmá tó jẹ́ kí wọ́n ṣí ìgò èyíkéyìí, á gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á yí i, á wo àmì kan tó wà lára rẹ̀. Àmì náà kéré gan-an: òbìrípo kan tó ní àwọ̀, tí onígun mẹ́rin kékeré kan wà láàárín rẹ̀. Bí àárín yẹn bá ṣì mọ́lẹ̀ ju òbìrípo tó yí i ká lọ, àjẹsára náà ṣì dára. Bí ooru bá ṣe ń bà á tó, bẹ́ẹ̀ ni àárín á ṣe máa dúdú sí i. Bí àárín àti òbìrípo bá ti di àwọ̀ kan náà, tàbí tí àárín bá tiẹ̀ dúdú jù ú lọ, wọn kò gbọdọ̀ fún ọmọ kankan mọ́.

Ẹni tó ṣe àmì yẹn rántí àwọn bíi màmá mi, torí kò sí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn máa kà kó tó yé e. Ó ṣojú mi lọ́jọ́ kan tó kọ ìgò kan. Oòrùn ti mú, ilé tó kù kò pọ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sì ń sọ pé àárín náà kò tíì dúdú tán. Màmá tún gbé e wò, ó ní, "Èmi ò ní kán ohun tó ń ṣe mí ní iyèméjì sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu." A padà sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lọ gba òmíràn. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí a tó parí. Kò sí ìyá kan nínú àwọn ilé yẹn tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bó bá dénú ilé, á kọ́kọ́ kí wọn délédélé. Á bèèrè iṣẹ́, á bèèrè ara àgbàlagbà tó wà nínú ilé, kó tó dárúkọ ọmọ. Bí ọmọ bá tu ẹ̀kán méjì náà dànù lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tún un kán fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi bírò aláwọ̀ kun ìka kékeré ọmọ náà, kí ẹni tó bá ń yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn lè mọ̀ ẹni tó ti gbà á. Màmá máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìka náà kó lè gbẹ, torí ọmọ máa ń fẹ́ fi sẹ́nu. Mo ṣì rí i báyìí: ó tẹ̀ ba síwájú ọmọ tó ń sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, títí ọmọ náà fi gbàgbé ẹkún tó ń wò ó. Nígbà náà ni yóò na ọwọ́ sí mi, mo máa gbé ṣọ́ọ̀kì fún un, á kọ ọjọ́ àti iye ọmọ sára ògiri, á fi àmì ọfà tọ́ka sí ibi tí a ń lọ.

Àwọn tó kọ̀ ńkọ́? Wọ́n wà. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan lápá Àríwá, Kano ṣáájú wọn, dá àjẹsára yìí dúró torí ìròyìn òfegè pé ó ń sọ ọmọ di àgàn. Nǹkan bí ọdún kan ni Kano fi dá a dúró, kòkòrò náà sì ti ibẹ̀ ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìròyìn náà kò mọ ààlà. Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àwọn ọkọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyàwó wọn pé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. Ìyá mi ló sọ ohun tí màmá ṣe fún mi, torí mo ṣì kéré nígbà náà: ó kó àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde síta, ó pe àwọn tó ń kọminú, ó sì ní kí wọ́n kán an sí wa lẹ́nu níṣojú wọn. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí kò bá lè fún ọmọ tirẹ̀, kò ní gbé e lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Kì í bá wọn jiyàn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó kàwé tí wọ́n ń fi ìbínú sọ fún bàbá ọmọ pé òpè ni, tí ilẹ̀kùn náà sì tì títí ọdún fi yí po. Ilé tó bá kọ̀ láàárọ̀, màmá á dá nìkan padà lọ nírọ̀lẹ́, láìgbé ìgò, láìgbé ṣọ́ọ̀kì, kó kàn lọ kí wọn. Ó lè lọ bẹ́ẹ̀ léraléra kó má dárúkọ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò, ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo rí, ọ̀rọ̀ rere náà ń fẹ́ àkókò. Bàbá kan tó ti lé wọn padà rí, ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe àgàn rárá. Ọmọ rẹ̀ kan ti kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan ní ilé ìwòsàn kan, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó ṣàlàyé fún un ohun tó pa ọmọ náà. Màmá jókòó gbọ́ ọ. Kò gbèjà ilé ìwòsàn, kò sì dá a lẹ́bi. Ìgbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán ló tó ní kí wọ́n gbé ọmọ tó kù wá.

Ẹni tó máa ń bá a dé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa. Rọpárọsẹ̀ mú un ní kékeré, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Màmá kò fi í ṣe ìran wò fún àwọn èèyàn o, kí n sọ ìyẹn ketekete. Ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan ohun tó fẹ́ sọ. Ohun tó sì máa ń sọ kì í ṣe nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtàn ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ, bí ìyá náà ṣe gbé e pọ̀n láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan dé òmíràn, tó ń ta ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí àwọn bàbá tó tẹrí ba nígbà tó ń sọ ọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2013, a gbọ́ lórí rédíò pé àwọn agbébọn ti yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń kán àjẹsára sí ọmọ lẹ́nu ní Kano. Ó kéré tán, obìnrin 9 ló kú. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún màmá pé kó jọ̀ọ́, ó ti ṣe tó, kó fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Màmá ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ìpolongo tó tẹ̀ lé e dé, ó múra. Ó ní, "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí ni wọ́n bá lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá jókòó, ta ló máa bá wọn parí rẹ̀?" Mo mọ̀ pé ibi tí a wà kì í ṣe Kano, ewu tó wà níbẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ka àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí yẹn sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣọ̀fọ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo rò pé ó jẹ́ ti òpópónà wa nìkan, apá kan lára ohun ńlá ni lójú rẹ̀.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Lẹ́yìn ìpolongo, wọ́n ń fẹ́ kí àwọn bíi màmá máa ṣọ́ àdúgbò. Ọmọ èyíkéyìí tí kò tíì pé ọdún 15 tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, kí wọ́n fi tó ilé ìwòsàn létí lọ́jọ́ náà. Wọ́n á gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín èkíní àti èkejì, kó tó pé ọjọ́ 14 tí ara rẹ̀ rọ. Wọ́n á gbé e sínú yìnyín lọ sí ibùdó àyẹ̀wò. Méjì ló wà ní Nàìjíríà fún un, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Maiduguri.

Màmá gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ọmọ kan lẹ́yìn ilé wa ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ibà. Ìyá ọmọ náà rò pé ẹsẹ̀ kàn kú ni, pé ó máa lọ fúnra rẹ̀. Màmá kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ó bá ìyá náà dé ilé ìwòsàn, ó sì padà lọ jókòó tì í nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú ìgbẹ́ kejì wá, torí ojú ti ń ti obìnrin náà pé gbogbo ará ilé ń wò òun. Nígbà tí èsì dé, rọpárọsẹ̀ kọ́ ni. Ẹsẹ̀ ọmọ náà sì padà sípò nígbà tó yá. Aládùúgbò kan rẹ́rìn-ín pé màmá da ara rẹ̀ láàmú lásán, inú rẹ̀ ò dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ó ní, "A wá a, a ò rí i. Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn."

Mo ti lo gbólóhùn yẹn níbi iṣẹ́ mi, mo ti lò ó nínú ọmọ títọ́. Ẹni tó lè wá ibi tọkàntọkàn, kí inú rẹ̀ sì dùn dénú pé òun kò rí i, ẹni náà kò ṣiṣẹ́ fún ìyìn.

Nílé ńkọ́? Kò pa wá tì. Káàdì àjẹsára gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì mọ ti ẹni tó kù díẹ̀. Ó máa ń pè mí ní "ọkọ mi" bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ tó jìnnà. Ó le bí ojú ẹja tó bá di ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀, kò sí ẹkún tó lè yí i lọ́kàn padà lórí ìyẹn. Àwọn ìgbà kan wà tí ìyá mi bínú pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń rí màmá jù. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀ torí pé ó ti kú. Ohun tí màmá máa ń fi dá a lóhùn ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àti pé àdúgbò tí rọpárọsẹ̀ bá wà, kò sí odi tó lè ní kó má wọ ilé wa. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ìmọ̀ ìṣègùn pàápàá ti í lẹ́yìn: ọmọ tí wọ́n fò dá lójúlé kan jẹ́ ewu fún gbogbo ojúlé.

Nígbà tí Nàìjíríà lo ọdún méjì láìrí rọpárọsẹ̀ kankan, láti oṣù keje ọdún 2014, a ti ń dúpẹ́. Àfi bó ṣe di oṣù kẹjọ ọdún 2016 tí wọ́n tún rí i ní Borno, níbi tí ogun kò ti jẹ́ kí àjẹsára dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ. Èyí ló gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú rọpárọsẹ̀ tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Màmá ti darúgbó nígbà náà, àrùn kòrónà kò sì jẹ́ kó jáde. A jókòó yí i ká, a ka ìròyìn náà sí i létí ní Yorùbá. Ó pàtẹ́wọ́, ó dúpẹ́, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Àwọn tí wọ́n bí lánàá ńkọ́? Ṣé wọ́n á ṣì máa kán an fún wọn?"

A rò pé ogbó ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání ju ayọ̀ wa lọ. Níbi tí àwọn ọmọ tó gba àjẹsára kò bá pọ̀ tó, kòkòrò aláìlágbára tó wà nínú àjẹsára tí wọ́n ń kán sẹ́nu náà lè máa ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́, kó sì yí padà di èyí tó lè rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Irú èyí ṣì ń yọjú ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 2020. Ìpolongo ilé dé ilé kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà tí màmá kú, tí a ń kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ìsìnkú, ohun tí àwọn ẹbí kọ́kọ́ kọ ni ọdún tí wọ́n bí i, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ, ìlú tí àwọn ọmọ ń gbé. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àmọ́ ìyá àgbà ẹlòmíràn lè jẹ́ oníǹkan bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyá mi obìnrin ló dábàá pé kí a jáde lọ bi àwọn tí kì í ṣe ẹbí. Bí ẹ bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é, bó bá ṣe é ṣe kó tó kú pàápàá. Ẹ má kàn béèrè pé "irú èèyàn wo ni?", torí gbogbo èèyàn ló máa ní èèyàn rere ni. Ẹ béèrè pé: ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ló sọ? Kí lẹ dá a lóhùn? Ìbéèrè wọ̀nyẹn ló tú nǹkan jáde. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ sọ tirẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ jókòó nígbà àyẹ̀wò ìgbẹ́ sọ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọ náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

Onírédíò ló sọ ohun tí mo ti ń wá. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì ti ara ògiri, ó ní, "Ẹ ní ẹ ò mọ bí ẹ ṣe máa fi iṣẹ́ màmá han àwọn èèyàn. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi yìí. Kí ẹ wá lọ wá ẹlòmíràn tó kéré sí mi ní gbogbo òpópónà yìí tó ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹnì kan, kí ẹ padà wá bá mi." A kò ní ẹni tí a lè tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ yẹn la fi ṣáájú nínú ìwé ìsìnkú náà, kí a tó kọ iye ọmọ.

Nínú ẹrù rẹ̀ la ti rí ìwé àkọsílẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní Yorùbá. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbì kankan nínú rẹ̀. Ilé tí ìyàwó tuntun wà ló kọ, ilé tí oyún wà, ilé tí ọkọ kì í fẹ́ àlejò lọ́sàn-án, ilé tí ajá wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan ó kọ pé "ẹ rọra", kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé fẹ́ kí a fi dígí bò ó, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀. Obìnrin ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ládùúgbò báyìí wá kí wa, ó rí i, ó bèèrè bóyá òun lè yá a. Mo gbé e fún un. Ó ti lọ sí àwọn ilé tí màmá kọ "ẹ rọra" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti ń fi bírò tirẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun kún un.